Ẹranko Tí Mo Ta Òróró Sí Lórí

Tí àwọn èèyàn bá bi mí pé kí ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ítálì, wọ́n máa ń retí pé kí n sọ pé òtútù ni. Òtútù dà mí láàmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ra kóòtù, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an ni ẹranko kan tí wọ́n fín sára ìbọn àtijọ́. Ìbọn náà wà lára ògiri ilé bàbá arúgbó kan ní Moncalieri lẹ́bàá Turin, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n máa nu eruku ara rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Èmi kì í ṣe ojo o. Mo ti fi ìgbálẹ̀ lásán lé ejò jáde nílé ìdáná rí, mo sì padà sídìí ọbẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ejò, a mọ̀ pé ejò ni. Èyí ní orí bíi ti ajá tí inú ń bí, ó ní ìyẹ́ apá bíi ti ẹyẹ, ìpẹ́ ẹja bo gbogbo ara rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì lọ́ léraléra kó tó là sí méjì. Eyín rẹ̀ wà níta. Ojú rẹ̀ nìkan ni mi ò rí, torí pé ìdọ̀tí dúdú ti dì sójú ọnà náà. Èmi tí mò ń gbààwẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì rèé, mo mú àkísà dání níwájú rẹ̀.

Kí n tó dé Moncalieri, Padua ni mo gbé, ládùúgbò Arcella, lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Èmi àti Bọ́sẹ̀ la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ní Ọ̀yọ́. Òun ti tètè débí, ó ti bí Gloria síbí, Gloria náà sì ti wọ yunifásítì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé wọn ni mò ń kí. Ọkùnrin kan wà lókè kẹta tí mo kí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó dúró, ó fara balẹ̀ bi mí bóyá nǹkan kan sọ nù lọ́wọ́ mi.

"Zia, una volta basta," ni Gloria wí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó pè mí ní àǹtí, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀! Nílé wa, ẹni tó bá kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìjà ló ń wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wà lẹ́bàá Vicenza, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Wọ́n á kó awọ síwájú wa, àwa á máa ṣà wọ́n, èyí tó dán sápá kan, èyí tó lápàá sápá kejì. Ojú mi mú, ọwọ́ mi sì yá, ọ̀gá wa fẹ́ràn mi. Àmọ́ òórùn awọ náà fẹ́ràn mi ju ọ̀gá lọ. Á tẹ̀lé mi wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá jókòó tì mí á rọra dìde bí ẹni pé ó ti dé ibi tó ń lọ, á wá lọ dúró nítòsí ilẹ̀kùn fún ìdajì wákàtí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nípa ìdálẹ̀ nìyí: wàá di ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ní Ọ̀yọ́, kí n tó lanu, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n mọ agbo ilé wa, wọ́n mọ èyí tí mo fi jọ ìyá mi. Ní Arcella, mo lè wọ tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, kí ẹnì kankan má mọ̀ pé ọmọ afíngbá ni mí. Ìyẹn dùn mí ju òtútù lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń pe orúkọ ara mi sókè nínú ilé ìwẹ̀, kí n kàn lè gbọ́ ọ.

Bàámi ni mo máa ń pè lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ gidi níbẹ̀?"

"Wọ́n ń fún mi, Bàámi. Polenta la jẹ lónìí."

"Kí nìyẹn?"

"Àgbàdo tí wọ́n rò ni, bíi túwó. Àmọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n ń bù sí i ò tó nǹkan."

Bàámi á kẹ́dùn, wọ́n á sì gbàdúrà fún gbogbo ará Ítálì.

Igbá ni Bàámi ń fín. Wọ́n á mú igbá tó ti gbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ ṣóńṣó fa ilà sí i lára, kó o tó mọ̀, ejò ti jókòó síbẹ̀, ẹyẹ ti bà, ẹja ti ń jẹ ìrù ara rẹ̀. Lágbo ilé wa, ọkùnrin ló ń mú ọ̀bẹ. Obìnrin á fọ igbá, á ha inú rẹ̀, á fi ẹfun pa ojú ọnà kí ilà lè hàn, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo yọ ọ̀bẹ Bàámi mú, mo fín alángbá sára igbá kan tó ti ya. Ó kù díẹ̀ kí n parí rẹ̀ ni wọ́n wọlé. Wọ́n wo igbá, wọ́n wò mí, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọn ò lù mí. Wọ́n kàn ní, "Alángbá yìí dára. Má fín òmíràn mọ́." Mi ò fín òmíràn mọ́. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Nígbà tí iṣẹ́ awọ parí, ẹnì kan nínú ìjọ sọ fún mi pé wọ́n ń wá badante ní Moncalieri, ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú bàbá arúgbó, tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Paola, ọmọ bàbá náà, ló fẹ́ rí mi. Èmi àti Paola ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ. Bí mo ṣe wọlé tí mo rí bàbá lórí àga wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, bí mo ṣe máa kí àgbàlagbà yòówù. Paola sáré bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wá ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi lábẹ́ àga. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, a ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Tí ẹ bá rí i," ni bàbá wí láti òkè, "ẹ pín in pẹ̀lú mi."

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti fẹ́ràn Signor Aldo.

Paola ò rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù kan ni periodo di prova mi, oṣù tí wọ́n á fi wò mí bóyá mo tó iṣẹ́ náà ṣe. Tí mo bá yege, ó máa fọwọ́ sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí contratto yẹn ṣe jẹ́ fún mi kó yé yín. Permesso mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú, ti fẹ́ kú. Láìsí contratto, kò ṣe é tún ṣe. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Signor Aldo. Iṣẹ́ wọn láyé wọn ni pé kí wọ́n máa gbẹ́ igi ìdí ìbọn, kí wọ́n sì máa fín ọnà sí i, lágbègbè àwọn òkè Brescia níbi tí wọ́n ti bí wọn. Ní báyìí, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ààbọ̀ ife ni mò ń bu kọfí sí fún wọn kó má baà dànù. Àwọn irin iṣẹ́ wọn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n, wọn ò sì jẹ́ kí n ṣí i. Ohun kejì tí wọn ò fi ṣeré ni ìbọn ara ògiri. Longrifle ni wọ́n ń pè é. Ó gùn tó mi, ìlà ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ wà lára igi rẹ̀ bíi ti ológbò, kò sì yìn mọ́ láti ayé baba ńlá ẹnikẹ́ni. Wọ́n rà á lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà kan nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi nu ìbọn yẹn pẹ̀lú ìdajì ojú. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ́sẹ̀, mo sì pè é.

"Jésù!" ni Bọ́sẹ̀ kígbe. "Ẹja tó ní ìyẹ́? Ẹ̀mí omi nìyẹn! Sister, this one no be small thing o. Inú ilé yẹn lo sì ń sùn?"

Mo gbọ́ ohùn Gloria lẹ́yìn rẹ̀. "Mamma, è un drago. È pure carino." Ó ní ẹranko inú àlọ́ lásán ni, pé ó tún rẹwà.

"Dákẹ́, àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀," ni Bọ́sẹ̀ dá a lóhùn. Ó wá ní kí n fi òróró pa á, kí n sì pàṣẹ fún un kó má rìn nínú ilé náà.

Ibí yìí ni àṣìṣe mi wà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nílé, òróró ólífì tí a fi ń gbàdúrà, inú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló ń wà. Ó wọ́n, a máa ń fi ṣóńṣó ìka tọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n nílé Signor Aldo, inú garawa ńlá ló wà nílé ìdáná, ìbátan wọn kan ló ń fi í ránṣẹ́ láti oko. Èmi tí mo ti ń fi ìka tọ́ òróró láti kékeré, mo wá dé ibi tó ti pọ̀ bí omi. Mi ò ṣahun rárá. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí Signor Aldo ṣì wà nílé ìwẹ̀, mo gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì da òróró lé ẹranko náà lórí bí ẹni ń po ọbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, mò ń fi àtàǹpàkò pa á. Mo pa orí, mo pa apá, mo bá ìrù rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń bá ilà rẹ̀ lọ ni àdúrà ń fà sẹ́yìn lẹ́nu mi. Mo mọ ilà yìí. Ibi tí ọ̀bẹ ti wọ igi jìn, ó ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń yípo, ó sì jáde láìdúró, bí ẹni tó ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dìde. Bí Bàámi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe ẹranko yìí, ọwọ́ ẹni tó jókòó, tó tẹ orí ba, tí ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ lè máa pè é wá jẹun. Ẹ̀rù náà kúrò lára mi. Mo dúró síbẹ̀ mo ń fi ìka fa ìrù ẹranko, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó pàdé ará ilé lọ́jà ìlú òkèèrè.

Ìgbà yẹn ni mo wá wo igi. Òróró ti wọ inú rẹ̀. Àbàwọ́n dúdú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti jókòó síbẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Mo fi ìwé ìnuwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò kúrò.

Mo gbọ́ ọ̀pá Signor Aldo lẹ́yìn mi. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ òórùn òróró.

"Chi ha condito il mio fucile?" Wọ́n ní ta ló po ìbọn àwọn bíi sàláàdì.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù mi, fọ́tò, Bọ́sẹ̀, àdúrà. Mi ò tíì sọ èdè Ítálì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Signor Aldo gbọ́ mi tán, wọ́n na ìka wọn tó ń gbọ̀n sí ara ẹranko náà, wọ́n fọwọ́ kàn án níbi tí òróró wà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí mo fi lọ bu omi wá.

Nígbà tí wọ́n rí èémí mí, wọ́n ní kí n jókòó.

"Àwọn tó fín irú ìbọn yìí," ni wọ́n wí, "àwọn tó kúrò nílé wọn lọ sí Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n wá láti apá ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì. Igbó tí wọ́n dé, béárì ló wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín ló wà níbẹ̀. Wọn ì bá fín béárì. Ṣùgbọ́n wo ohun tí eléyìí fín: ẹranko tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ẹnì kankan ò rí i rí ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kankan ò rí i rí níbi tí òun náà ti wá."

"Kí ló dé tó fi fín in, nígbà náà?"

"Bóyá ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ máa gbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ronú kan gbogbo ohun tí mo kó wá sí Ítálì nínú àpò, ata gbígbẹ, Bíbélì, aṣọ ìyá mi, mo wá rí i pé ọkùnrin tó fín ìbọn yìí náà gbé ẹranko kan wá nínú orí rẹ̀, ó sì gbé e lé ohun tí kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ẹranko tí mo rò pé ẹ̀mí òkùnkùn ló rán an wá, àlejò bíi tèmi ni.

Ojú Signor Aldo wá yí padà. "Paola ò ní rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí.

Wọ́n rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé pátápátá. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Turin lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó mọ nǹkan àtijọ́, láti wò ó bóyá wọ́n lè gbé ìbọn náà fún àwọn èèyàn wò níbi ìpàtẹ kan. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn kan náà ni periodo di prova mi máa parí. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Mo wo àbàwọ́n ara igi, permesso mi ni mò ń wò.

Bàámi ni mo pè. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè pè.

"Bàámi, mo da òróró sára igi àtijọ́ kan."

"Igi lásán ni àbí igi tí wọ́n fín?"

"Wọ́n fín in."

"Ẹni tó fín in ńkọ́?"

"Ó ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Kò burú, kò ní gbọ́," ni Bàámi wí. "Ẹfun ni. Lọ̀ ọ́ kúnná, bù ú lé e ní gbígbẹ, gbé e sínú oòrùn. Ẹfun á mu òróró. Tó bá mu ún yó, gbọ̀n ọ́n dànù, kó o tún bu òmíràn lé e. Má fi omi kàn án o!"

Signor Aldo ń wo ẹnu mi. "Kí ni wọ́n ń sọ?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n lu itan wọn. "Gesso!" Wọ́n ní ohun tí ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́ máa ń ṣe nìyẹn, pé wọ́n gbàgbé ni. Wọ́n nawọ́ sí pẹpẹ òkè, mo sì rí ike kan níbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ wò, bíi ẹfun Bàámi gẹ́lẹ́.

Bí a ṣe sọ ìpè náà di fídíò nìyẹn. Àwọn bàbá méjèèjì wo ara wọn. Bàámi ní, "Ẹ kú ilé o." Signor Aldo ní, "Buongiorno, maestro," ìyẹn, ẹ kú ojúmọ́, ọ̀gá. Kò pẹ́ tí Signor Aldo fi ní kí n ṣí aṣọ funfun orí tábìlì yẹn, aṣọ tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣí, kí n máa gbé àwọn irin wọn sójú fóònù níkọ̀ọ̀kan. Bàámi náà lọ kó ọ̀bẹ wọn wá. Signor Aldo gbé sgorbia, irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kòtò, wọ́n ní títì la ń tì í lọ síwájú. Bàámi ní rárá o, fífà la ń fa ọ̀bẹ wá sára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Èmi ni mò ń gbé iyàn lọ, tí mò ń gbé iyàn bọ̀, nígbà tó yá, wọn ò dúró dè mí mọ́, olúkúlùkù ń fi èdè rẹ̀ pariwo, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Oòrùn Moncalieri lásìkò yẹn kì í pẹ́ lójú kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Signor Aldo gbé ìbọn tẹ̀ lé oòrùn káàkiri ilé, láti yàrá wọn lówùúrọ̀ dé pálọ̀ lọ́sàn-án, títí dé fèrèsé ilé ìdáná nírọ̀lẹ́. Mo bu ẹfun lé e, mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún bu òmíràn. Ẹfun tó funfun á di bíi àmàlà funfun tó gba ọbẹ̀ sára, inú mi á sì dùn pé òróró ń jáde.

Lówùúrọ̀ Sátidé, mo ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n nígbà tí Paola wọlé pẹ̀lú ọkùnrin ará Turin náà. Ẹfun kún inú gbogbo ilà. Ẹranko náà dúró lára igi, ó funfun báláú.

"Kí lo ṣe sí i?" ni Paola kígbe. "Kí lo ṣe sí ìbọn bàbá mi?"

Signor Aldo ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Òróró ni mo kọ́kọ́ dà sí i, Signora. Èmi ni. Ẹfun ni mo fi yọ ọ́." Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ọkùnrin náà yọ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ń wò. Ní báyìí tí ẹfun ti fi gbogbo ilà hàn, mo rí i pé eyín tí mo rò pé ẹranko náà fi ń halẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń rín. Mo rí ohun kejì náà. Ojú tí mo rò pé ìdọ̀tí bò, kò síbẹ̀. Igi dídán ni.

"Mo rò pé ojú rẹ̀ ti pa rẹ́ ni," ni ọkùnrin náà wí fún ara rẹ̀. "Wọn ò fín in rárá. Kí ló dé tí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí máa gbàgbé ojú?"

"Kò gbàgbé," ni mo wí, n ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. "Ojú la ń là kẹ́yìn. Kò tíì parí rẹ̀ ni."

Ó gbé orí sókè. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi. Afíngbá ni wọ́n."

"Òtítọ́ ni," ni Signor Aldo wí. "Ojú lèmi náà ń fín kẹ́yìn."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òróró díẹ̀ ṣì kù nídìí ìrù, pé àwọn máa yọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tún da ohunkóhun sí i mọ́, ṣùgbọ́n pé igi náà ò bàjẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ, kí wọ́n sì fi ojú tí kò sí yẹn han àwọn èèyàn.

Nígbà tó lọ, Paola jókòó, ó mú ìwé jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ síwájú. Contratto ni. Ó di bírò mú, kò tíì fọwọ́ sí i.

"Ṣé o tún máa da òróró sí nǹkan mìíràn nínú ilé yìí?"

"Sàláàdì nìkan, Signora."

Mi ò rí ẹ̀rín Paola rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ló ní. Ó fọwọ́ sí i, ó sì ní kí n yéé pe òun ní Signora.

Wọ́n gbé ìbọn lọ. Ògiri wá ṣófo, Signor Aldo ò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n gbé igi kan jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ìkejì ìbọn náà ni, igi ìdí rẹ̀ nìkan, èyí tí àwọn fúnra wọn ti gbẹ́ tán kó tó di pé ọwọ́ kọ̀. Ibi tó yẹ kí ẹranko wà ṣì dán. Wọ́n ti sgorbia síwájú mi.

Mo sọ ìtàn alángbá fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ní o ò gbọ́dọ̀ fín igbá. Igi nìyí." Wọ́n sì wo òkè àjà bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á jókòó tì mí. Wọn kì í di ọwọ́ mi mú, torí tiwọn ń gbọ̀n. Tábìlì ni wọ́n ń kàn. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé kí n rọra, ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí n dúró. Mo ba igi kan jẹ́ níbi ìdánwò, mo ba òmíràn jẹ́, mo gé ara mi níka. Títì ni wọ́n kọ́ mi, àmọ́ tí wọ́n bá ti sùn lọ lórí àga, mo máa ń fa irin náà wá sára díẹ̀. Nígbà tí igi ìta bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ẹranko ti wà lára igi, pẹ̀lú ìyẹ́, pẹ̀lú ìpẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ojú ló kù.

Mo gbé irin sílẹ̀. Mi ò lè ṣe é láìjẹ́ kí Bàámi mọ̀. Mo pè wọ́n ní fídíò, mo gbé fóònù sójú iṣẹ́.

"Áà! Ọwọ́ Signor ti san!" ni Bàámi wí. "Ọlọ́run ṣeun!"

"Bàámi, ọwọ́ wọn kọ́. Ọwọ́ tèmi ni."

Mo gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn wọn ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ìrù rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n tún gbé e sún mọ́ ọn sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi àga òfìfo, mo sì rò pé inú ti bí wọn. Signor Aldo ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sún àga wọn mọ́ tèmi.

Bàámi padà dé pẹ̀lú igbá kan tó ya. Eruku wà lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ ọrùn wọn nù ún, wọ́n gbé e sójú fóònù. Alángbá mi rèé. Ìrù rẹ̀ lọ́ bíi ti ẹranko iwájú mi gẹ́lẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi pa á mọ́, wọn ò sì sọ fún mi rí.

"Wò ó dáadáa," ni wọ́n wí. "Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ kó o tó la ojú rẹ̀. Ìyẹn máa ń ká mi lára."

Alángbá náà ò ní ojú lóòótọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

"Là á, ìyá mi," ni Bàámi wí. "Mò ń wò ọ́. Tó o bá dé, wàá wá la ti alángbá."

Mo gbé irin náà. Signor Aldo kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fà á wá sára, kì í ṣe títì, wọn ò sì bá mi wí. Mo la ojú ẹranko náà, mo fẹ́ eruku igi kúrò lójú rẹ̀, mo sì gbé e sókè kí àwọn méjèèjì lè rí i.

"O kú iṣẹ́ o," ni Bàámi wí, "afíngbá."